Agogo Inú Àbàtà: Ìtàn Awẹ́ró Tó Tẹ Ìdákẹ́ Dó

Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tó ń fi ojú méjèèjì sùn ní ilẹ̀ ààlà tó wà láàárín àwa ará Kétu àti àwọn Ìdàhọ̀mì. Ogun kì í kéde kó tó dé. Èèyàn á wà lóko níbi tó ti ń wa iṣu, àwọn ará ilé á máa retí rẹ̀, ọbẹ̀ á tutù lórí ààrò, wọ́n á sì mọ̀ pé ó ti lọ nìyẹn. Ọkọ a máa gun orí igi ṣọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń pọnmi. Ìyá a máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ kó tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Àwọn tí ogun bá kó, etí òkun ni wọ́n ń dà wọ́n lọ, níbi tí àwọn òyìnbó Àgùdà, ìyẹn Potogí, ti ń rà wọ́n bí ẹni ra ewúrẹ́. Inú ilẹ̀ búburú yìí ni Awẹ́ró ti jáde, Awẹ́ró ọmọ Kétu, obìnrin bí ọkùnrin, arẹwà tí ẹ̀wọ̀n dè lọ́wọ́ tí kò lè dè lọ́kàn. Òun ló tẹ ìlú wa, Ìdákẹ́, dó.

Lóko ẹ̀gúsí bàbá rẹ̀ ni wọ́n ti mú un, nígbà tí wọ́n ti ń múra àtigbé e relé ọkọ. Bẹ́ńtò, tí wọ́n ń pè ní Sínnọ̀, ìyẹn ọ̀gá, òyìnbó Àgùdà tó ń ṣòwò ẹrú ní èbúté, ló rà á. Ó bí ọmọ méjì fún un: ọkùnrin tí bàbá sọ ní Matíà tí ìyá ń kì ní Àjàgbé, àti obìnrin tó ń jẹ́ Rúfínà. Àwọn kan nínú ẹbí wa fẹ́ràn láti máa sọ pé ìfẹ́ ló so òyìnbó náà àti Awẹ́ró pọ̀. Èmi ò ní bá wọn sọ ọ́. Ẹni tó ra èèyàn, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ má pe ohun tó wà láàárín wọn ní ìfẹ́ létí mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé Bẹ́ńtò fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń gbé wọn lé itan, àwọn náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le nìyẹn.

Agogo idẹ kan wà lágbàlá Bẹ́ńtò. Òun ló ń jí àwọn ẹrú, òun ló ń lé wọn síbi iṣẹ́, òun náà ló ń dá wọn padà sínú àgọ́ tí wọ́n ń tì pa mọ́ wọn lórí. Nígbà tí Matíà tó ẹni tó lè fa okùn rẹ̀, bàbá rẹ̀ fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ bí ẹ̀bùn. Matíà ní ọwọ́ tirẹ̀: á lù ú lẹ́ẹ̀mejì wéré wéré, á sì lu ẹ̀kẹta kó falẹ̀. Gbogbo èbúté ló mọ ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ a máa dùn sí i. Kò mọ̀ pé nígbàkigbà tí agogo náà bá dún, àyà ìyá òun ń já.

Nígbà tí àìsàn dá Bẹ́ńtò dùbúlẹ̀, Matíà ti di géńdé. Bẹ́ńtò pe àlùfáà àti àwọn aládùúgbò, ó ní òun dá Awẹ́ró àti àwọn ọmọ òun sílẹ̀ lóko ẹrú. Wọn ò tíì sin ín tán tí àbúrò rẹ̀, Sínnọ̀ Jákíntò, fi ní ìsọkúsọ ẹni tí ibà ń ṣe ni.

"Ẹrú ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹrú mi," ló wí, "àtìyá àtọmọ."

Ó ti bá ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan sọ̀rọ̀ àtita Rúfínà fún un. Awẹ́ró kò sunkún, kò jà. Lọ́jọ́ ọjà tí èrò kún èbúté fọ́fọ́, ó gbé ẹrù gaàrí lé Matíà lórí bí ẹni ń lọ tajà, ó fa Rúfínà lọ́wọ́, wọ́n sì gba ọ̀nà òkè odò lọ. Ibi tí wọ́n ti dúró sinmi ló ti rí i pé Matíà fi aṣọ wé agogo náà, ó kì í sáàárín gaàrí.

"Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe, Àjàgbé?"

"Ìyá mi, ohun kan ṣoṣo tí Papáì fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn."

Ó yẹ kí Awẹ́ró jù ú sódò. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò lè ṣe é. "So aṣọ mọ́ ahọ́n rẹ̀ dáadáa," ló wí, wọ́n sì tẹ̀síwájú.

Àbàtà tó yí wa ká títí dòní ni wọ́n sá sí. Ilẹ̀ dúdú ni, koríko bò ó, tí àlejò bá wò ó á rò pé ilẹ̀ gidi ni, àfi tó bá tẹ̀ ẹ́, tó sì rì dé àyà. Àwọn tó sá fógun, Ègùn, Ànàgó àti ará Kétu, ti ń gbé orí ilẹ̀ gíga kan láàárín rẹ̀. Ìdì ọparun ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ẹrẹ̀ fi ṣe ojú ọ̀nà, àwọn nìkan ló mọ ibi tó gbà. Bí wọ́n bá ń fura, ẹni tó kẹ́yìn á máa fa ìdì náà yọ bó ṣe ń kọjá, ọ̀nà á sì pa rẹ́. Olórí wọn ni Ọ̀dúnlámì, arúgbó ọdẹ kan tí wọ́n ti ta ọmọ rẹ̀ sókè òkun. Nígbà tó rí àwọ̀ Matíà àti Rúfínà, ó gbé ọfà lé ọrun.

"Obìnrin yìí, ọmọ òyìnbó lo kó tẹ̀ lé ara rẹ yẹn. Òyìnbó ló ra ọmọ tèmi."

Awẹ́ró bọ́ síwájú àwọn ọmọ rẹ̀. "Bàbá, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn, ẹ má wo àwọ̀ wọn. Ṣé ẹsẹ̀ ẹni tó wá kó èèyàn rèé, àbí ti ẹni tó ń sá? Ẹrú lèmi náà. Bí ẹ bá lé wa, wọ́n á ta ọmọbìnrin mi síbi tí wọ́n ta ọmọ yín sí gan-an."

Ọ̀dúnlámì sọ ọfà kalẹ̀, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Awẹ́ró ti di ará ibẹ̀. Ó dáko, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ọparun títí tó fi mọ̀ ọ́n ju ọkùnrin lọ. Àwọn tí ìjà bá dé sí láàárín wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Matíà. Ó mọ ìwà tí bàbá òun hù, síbẹ̀ ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àṣà àwọn Àgùdà ni pé kí wọ́n lu agogo fún òkú ní àyájọ́ ikú rẹ̀. Nígbà tí àyájọ́ náà pé, nínú ọyẹ́, ó tú aṣọ ahọ́n agogo, ó sì lù ú lọ́sàn-án gangan fún ọkàn Papáì rẹ̀: méjì wéré wéré, ọ̀kan tó falẹ̀. Awẹ́ró sáré jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá agogo náà mú. Ó ti pẹ́ jù. Jákíntò kò jáwọ́ nínú wíwá wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sá. Òun àti àwọn akónilẹ́rú kan ti pàgọ́ sí bèbè àbàtà, ó sì gbọ́ ọwọ́ tó mọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo gbogbo ilẹ̀. Láti inú rẹ̀ ni ohùn Jákíntò ti dé: "Matíà! Kí ìwọ, ìyá rẹ àti àbúrò rẹ jáde wá, a ò ní fọwọ́ kan àwọn yòókù. Ẹ máa lu agogo bọ̀ kí n lè mọ ibi tí ẹ wà. Bí ẹ ò bá wá, a máa dúró títí ebi á fi lé gbogbo yín jáde."

Ọkùnrin kan ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹbí wọn ló ń pè wọ́n."

Ọ̀dúnlámì bú mọ́ ọn. "Òmùgọ̀! Ṣé ẹni tó ń ta èèyàn ló máa mú mẹ́ta, kó wá fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ?"

Nígbà náà ni Awẹ́ró sọ ọ̀rọ̀ tí a ṣì ń sọ fún àwọn ọmọ wa: "Agogo yìí ló sọ mí dẹrú lójoojúmọ́ ayé mi. Jákíntò ní ká lu agogo bọ̀, a óò lù ú fún un. Ẹ gba ọ̀nà ọparun tó wà ní ìlà-oòrùn kó àwọn ọmọdé jáde. Èmi á gbé agogo lọ sínú ọ̀gbun àbàtà, ibẹ̀ ni màá ti máa pè wọ́n."

Matíà gba agogo náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá mi, Jákíntò mọ ọwọ́ mi. Bí ẹ bá lù ú, á mọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Èmi ni mo pè wọ́n wá."

"Àjàgbé, o ò ní lè padà."

"Mo mọ̀, ìyá mi."

Ìyá tó ti gbé ọmọ yìí sá kúrò lóko ẹrú, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka ibi tí ẹrẹ̀ ti jìn jù fún un. Ẹ̀rù obìnrin náà ń bà mí títí di ìsinsìnyí. Matíà dọ̀bálẹ̀ fún un, ó wọ inú kùrukùru, ó sì ń fa ìdì ọparun yọ lẹ́yìn ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Àwọn yòókù gba ìlà-oòrùn, Ọ̀dúnlámì gbé Rúfínà lé èjìká bó ṣe ń ké. Awẹ́ró kò tẹ̀ lé wọn. Ó dúró létí ilẹ̀ gíga, ó ń gbọ́.

Agogo dún. Jákíntò rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ti gbọ́n. Ni wọ́n bá yà sínú koríko tẹ̀ lé ohùn náà. Igbe àkọ́kọ́ ta, òmíràn tẹ̀ lé e. Àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ìjà ló dé, wọ́n sáré wọlé láti gbèjà, ẹrẹ̀ gba àwọn náà. Awẹ́ró gbọ́ tí Jákíntò ń pe Màríà Mímọ́, bàtà aláwọ tó wọ̀ kò jẹ́ kó lè yọ ẹsẹ̀. Ó gbọ́ ìbọn. Ní gbogbo àsìkò yìí, agogo kò dákẹ́. Ohùn tó ti kórìíra láti ọjọ́ tó ti dé ilé Bẹ́ńtò, òun ló wá ń bẹ̀ báyìí pé kó má dákẹ́, nítorí bó bá ń dún, ọmọ òun ṣì wà láyé. Méjì wéré wéré, ọ̀kan tó falẹ̀. Méjì wéré wéré. Ó dúró de ẹ̀kẹta, kò gbọ́ ọ.

Bóyá ìbọn ni o, bóyá ẹrẹ̀ ni o, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà tí kùrukùru ká, koríko nìkan ló kù. Àwọn díẹ̀ tó yè lára àwọn akónilẹ́rú sá, wọn ò sì padà wá mọ́. Awẹ́ró pe àwọn èèyàn rẹ̀ padà, ó tẹ ìlú dó sórí ilẹ̀ gíga náà, ó sì sọ ọ́ ní Ìdákẹ́. Ó fi òfin méjì lélẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá sá wá, a kì í wo àwọ̀ rẹ̀, agogo kò sì gbọdọ̀ dún níbẹ̀ láéláé. Rúfínà fẹ́ ọkọ níbẹ̀, ó bímọ, òun ló bí àwa tí ẹ ń rí tí àwọ̀ wa pọ́n yìí. Nígbà tó yá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ààlà gba àárín oko wa, ọ̀pọ̀ nínú ẹbí ṣí lọ sí ìhà kejì, ṣùgbọ́n wọ́n pa òfin náà mọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn fadá ti fẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì wa ní agogo, a dúpẹ́, a ò gbà á. Àtẹ́wọ́ la fi ń pe ara wa sí ìsìn.

Bí kùrukùru ọyẹ́ bá sì kọ́kọ́ bo àbàtà lọ́dún, gbogbo ìlú á jáde lọ dúró létí ilẹ̀ gíga, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ títí á fi ká. Àwọn àlejò a máa bi wá pé kí là ń ṣe. À ń dúró de ẹ̀kẹta ni.