Ẹja Tí Ìbídùn Fi Sílẹ̀

"Màmi, tí kò bá sí ohun tó sún mi, ṣé èmi náà ni mo ṣe é?"

Ìbídùn ọmọ mi ló bi mí bẹ́ẹ̀, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ mú nínú ẹja méjì tó wà nínú àwo, ó sì fi èyí tó tóbi sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tí ibà ń ṣe. Ó bi bàbá wọn náà, ìyẹn ní kí òun kọ́kọ́ jẹ̀bà òun tán ná.

Ìyá ọkọ mi kó ẹja méjèèjì padà sáwo, wọ́n fi ìborùn di Ìbídùn lójú. Ó nawọ́, ó mú èyí tó tóbi.

"Ṣé ká dúpẹ́ àbí ká bá ọ wí?" ìyá ọkọ mi bi í.

"Ó kàn bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni, Màmá."

Wọ́n tú ìborùn. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó gbé ẹja náà fún un.

"Kí ló sún ọ báyìí?"

"Àánú rẹ̀ ṣe mí."

"Inú rẹ ni àánú yẹn ti wá, ìwọ lo ṣe é. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe."

Àbúrò rẹ̀ jẹun, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta tí ibà ti ń ṣe é. Mo ń dúpẹ́ títí gbogbo ilé fi sùn.