Afẹ́fẹ́ Inú Rẹdíétọ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ara ọwọ́ ọ̀tún Àjàdí ni òwe yìí wà títí dòní.

Láàárọ̀ tí wọ́n pè é pé baba rẹ̀ ń kú lọ nílé, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọkọ̀ rẹ̀ wà. Bàbá Olóyèédé, mẹkáníìkì náà, ti rọ omi tuntun sínú rẹdíétọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀. Omi ń yọ pọ́kọ́pọ́kọ́.

"Ẹ dé e, ẹ jẹ́ n máa lọ. Ṣebí omi ti kún."

"Ojú ló kún, ọmọ mi. Afẹ́fẹ́ ṣì wà nísàlẹ̀. Jẹ́ kó tú jáde tán, kí n tún bu omi sí i."

"Baba mi ń kú lọ, ẹ ní kí n dúró de afẹ́fẹ́!"

Àjàdí fúnra rẹ̀ dé e, ó wakọ̀ lọ.

Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, tí ọkọ̀ dákú. Kò jẹ́ kó tutù tó fi ṣí ìdérí. Omi gbígbóná tú jáde, ó bó o lọ́wọ́ ọ̀tún.

Ìrọ̀lẹ́ ló délé. "Ojú ọ̀nà ni baba ń wò títí wọ́n fi dákẹ́," ni àbúrò rẹ̀ obìnrin wí.

Létí sàréè, wọ́n ní kí Àjàdí tó jẹ́ dáwódù kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ lé baba. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ wé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì bu ú. Àwọn àgbà gbé ojú kúrò.