Ológbò àti Ẹní Onírun Ilé Àwẹ̀ró

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin àgbà, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa, nítorí ohun kan wà tí a fi pamọ́ sínú àlọ́ yìí. Ẹni tó bá ń ka àwọn ẹranko inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń dín kù ni yóò kọ́kọ́ rí i. Àlọ́ mi gbéra, ó wọ ilé opó kan, ó jókòó sórí ẹní kan tó nípọn, ó sì wo ojú Ológbò.

Ní ìgbà kan rí, ní ìletò kan létí igbó, arúgbó kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú, kò sì bímọ. Ẹranko mẹ́rin ló ń bá a gbé: Ajá, Àgùntàn, Adìẹ àti Ológbò. Ajá ń ṣọ́ ilé nítorí ìkookò tó ń rìn kiri létí igbó. Àgùntàn kì í ṣe wàhálà fún ẹnikẹ́ni. Adìẹ ń yé ẹyin, ó sì ń ṣa kòkòrò inú ilé jẹ. Ológbò ń pa eku, nígbà tó bá wù ú.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ọyẹ́ mú gan-an. Ilẹ̀ ilé tutù bí ìdí àmù, eékún Àwẹ̀ró sì ń ro ó tọ̀sán-tòru. Ó pinnu láti ra ẹní kan tí yóò tẹ́ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, tí òun àti àwọn ẹranko rẹ̀ yóò jọ máa sùn lé. Ó kọrí sí ilé Baba Látúnjí, ọkùnrin tó ń hun ẹní. Ológbò tẹ̀ lé e.

Baba Látúnjí kò kọ́kọ́ bèèrè iye owó tó fẹ́ ná. Ó ní, "Ìyá, ẹranko mélòó ló ń sùn nínú ilé yín?"

"Mẹ́rin ni, Baba."

"Ṣé ìta ni wọ́n ti ń tọ̀?"

"Ìta ni. Àmọ́ ẹranko ni wọ́n."

"Òótọ́ lẹ sọ. Ẹní oré, ẹní koríko yìí, ló yẹ yín." Ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀. Ó fẹ́lẹ́, ó sì ń dán. "Bí omi bá dà sí èyí, yóò jò kọjá, ẹ ó sì rí i nílẹ̀. Irun ẹranko kì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ kan lẹ ó fi gbé e síta, tí ẹ ó fi fọ̀ ọ́, tí ẹ ó fi sá a. Ní ilé tí ẹranko bá wà, ẹní tí kì í tọ́jú àṣírí ni kí èèyàn rà."

Ológbò kò gbọ́ èyí tó kù. Ó ti rí ẹní mìíràn lẹ́yìn ọkùnrin náà: ẹní onírun, tí wọ́n fi irun àgùntàn hun, tí àwọn oníṣòwò gbé wá láti òkè Ọya. Ó pupa, ó sì nípọn. Ológbò gun orí rẹ̀. Èékánná rẹ̀ rì sínú irun náà, ooru sì gòkè wá bá a níkùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò sí ohun tó gbà á mọ́ra tó báyìí rí. Ó dùbúlẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò ní lè bá ẹnikẹ́ni pín in.

"Ìyá," ó ní, "eékún yín kò lè gba ẹní pẹlẹbẹ yẹn. Ẹ wá fọwọ́ kan èyí."

Àwẹ̀ró fọwọ́ kàn án. Kò tètè gbé ọwọ́ kúrò.

Baba Látúnjí mi orí. "Ìyá, ohun tó bá wọ inú èyí kì í tètè jáde. Bí ẹ bá rà á, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa yí i, kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀. Bí nǹkan bá dà sí i, ẹ má nù ún. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ kí aṣọ fa omi náà, kí ẹ wá da omi tó mọ́ sí i títí yóò fi jò jáde lábẹ́, kí ẹ sì sá ojú rẹ̀ méjèèjì. Bí ẹ bá fọ òkè nìkan, ẹ kò tíì fọ nǹkan kan."

"Ó wúwo," Àwẹ̀ró wí. "Ta ni yóò bá mi yí i?"

"Èmi ni," Ológbò dáhùn. "Èmi yóò máa tọ́jú rẹ̀."

Baba Látúnjí wò ó láti orí dé ìrù. "Ìwọ tí eku àgbà ń lé kiri."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó sì ra ẹní onírun.

Wọ́n tẹ́ ẹ sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ajá gba igun tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kí ó lè máa gbọ́ ìró ìta. Àgùntàn gba igun tó wà lẹ́bàá ògiri. Adìẹ gba igun tó wà nídìí àmù. Ológbò gba igun kẹrin, lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró. Àyè gba gbogbo wọn, àárín sì tún ṣófo.

"Irun yìí jọ ti bàbá bàbá mi," Àgùntàn wí. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi èékánná ya á."

"Bí ó bá jẹ́ òun ni," Ajá fèsì, "ó sanra jù ọ́ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àyàfi Ológbò. Ìṣirò ló ń ṣe. Bí a bá pín ẹní yìí sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀kan ni tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá lọ, ọ̀nà mẹ́ta ni a ó pín in sí. Bí ẹni méjì bá lọ, ìdajì di tirẹ̀. Ó ṣe ìṣirò náà dé òpin, òpin náà sì dùn mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, nígbà tí Ajá jáde láti yí ilé ká, Ológbò dìde, ó rìn lọ sí igun ẹnu ọ̀nà, ó tọ̀ síbẹ̀, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

"Ìyá, ẹ wá wo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa Ajá ṣe."

Ajá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìrù rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀. "Ìyá, igi ni mo máa ń tọ̀ sí. Ẹ̀yin náà máa ń rí mi."

"Ọyẹ́ mú," Ológbò wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bóyá ẹ̀gbọ́n kò lè rìn dé ìdí igi."

Àwẹ̀ró fi aṣọ tútù nu ojú ibẹ̀, ó bu eérú sí i. Ó fẹ́ yí ẹní náà, ṣùgbọ́n Ológbò ní, "Ó ti mọ́, Ìyá. Ẹ má fi eékún yín ṣe iṣẹ́ yẹn." Àwẹ̀ró wò ó, ó sì rí i pé òkè ti gbẹ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ajá ti ń sùn níta. Ní ọjọ́ kẹta, okùn ọrùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n bá nínú àgbàlá. Ipasẹ̀ ìkookò wà lórí ilẹ̀, ó lọ sí igbó, ó sì jinlẹ̀ bíi ti ẹni tó gbé ẹrù.

Àwẹ̀ró sunkún. Ológbò wá fi orí ra ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ìtọ̀ tún wà lórí ẹní, ní igun Àgùntàn.

"Èmi kọ́," ni Àgùntàn ń sọ. Kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí yóò sọ. "Ìyá, èmi kọ́."

"Ta wá ni?" Ológbò bi í. "Ṣé Ajá ló jíǹde wá tọ̀ síbẹ̀ ni?"

Òkè ẹní nìkan ni Àwẹ̀ró tún fọ̀. Ó ránṣẹ́ pe alápatà. Àgùntàn tẹ̀ lé okùn jẹ́jẹ́, bí ó ti ń ṣe ohun gbogbo, kò sì wẹ̀yìn.

Ó ku Adìẹ. Ní òwúrọ̀ tí wọ́n bá ìtọ̀ nídìí àmù, Adìẹ kò sá, kò sì pariwo. Ó fara balẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ìyá, ẹ ti ń sìn mí láti ìgbà tí mo ti wà nínú ẹyin. Ẹ wo ìgbẹ́ mi níbi gbogbo tí mo bá ya á sí: ó ki, ó sì ní funfun lórí. Ṣé ẹ ti rí ìtọ̀ mi rí?"

"Amòfin," Ológbò wí. "Ẹní tutù. Igun rẹ ni. Kí ló tún kù?"

Àwẹ̀ró dúró láàárín àwọn méjèèjì. Eékún ń ro ó. Òórùn ilé náà ti sú u, kò sì ní agbára láti tún rò ó. Ó na ọwọ́ mú Adìẹ ní ìyẹ́. Bí ó ti ń gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé ni Adìẹ bẹ̀rẹ̀ sí kọrin. Ẹ bá mi gbè é.

Àwẹ̀ró, ìyá wa,
Ẹ yí ẹní wò.
Omi ni mo ń mu,
Ẹ yí ẹní wò.
Adìẹ kì í tọ̀ láéláé,
Ẹ yí ẹní wò.
Ẹ pa mí, ẹ ó rántí mi,
Ẹ yí ẹní wò.

Orin náà já lójijì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Ológbò gbé egungun ọrùn Adìẹ wá sí àárín ẹní, ó sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ìṣirò ti pé. Ó na ara rẹ̀ ní ìbú, ó tún na ara rẹ̀ ní òró, ara rẹ̀ kò sì dé igun kankan. Ẹní náà tóbi ju bí ó ti rò lọ. Òtútù ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé níbi tí Ajá máa ń dí. Nínú irun ẹní, àwọn kòkòrò kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí jẹun, nítorí kò sí ẹni tí yóò ṣà wọ́n. Ológbò ki imú bọ abẹ́ ìrù, ó sùn.

Ọyẹ́ lọ. Òjò àkọ́rọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rọ̀ títí. Ọ̀rinrin gba abẹ́ ilẹ̀kùn, ó wọ inú ilé, ó wọ inú irun ẹní. Àwẹ̀ró tó ń tòògbé lajú. Ó fa imú.

Òórùn ìtọ̀ ni. Ó wo igun ẹnu ọ̀nà: kò sí ẹnì kankan. Ó wo ẹ̀bá ògiri: kò sí ẹnì kankan. Ó wo ìdí àmù. Lẹ́yìn náà ló wo àárín ẹní.

Ológbò dìde dúró. "Ìyá, èmi kọ́. Mi ò tọ̀ síbẹ̀ lónìí."

Òótọ́ ló sọ. Ìta ló ti tọ̀ ní àárọ̀ náà.

"Lónìí," Àwẹ̀ró wí.

Ó kúnlẹ̀, ó di etí ẹní mú, ó sì ń fà á. Ó fà á, ó sinmi, ó tún fà á, títí ó fi dojú rẹ̀ délẹ̀. Ológbò jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó ń wò ó. Aṣọ tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ ẹní náà funfun. Lára rẹ̀ ni àbàwọ́n mẹ́ta wà, ọ̀kan ní igun Ajá, ọ̀kan ní ti Àgùntàn, ọ̀kan ní ti Adìẹ. Wọ́n pọ́n, etí wọn dúdú. Àwẹ̀ró fi imú kan èkíní, ó fi kan èkejì, ó fi kan ẹ̀kẹta.

"Igun Adìẹ nìyí," ó wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Adìẹ kì í tọ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ti Adìẹ. Ti Àgùntàn rí bákan náà, ó ń rùn bákan náà. Ti Ajá rí bákan náà. Ẹnì kan ló ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ó gbé ojú sókè. "Nínú ẹ̀yin mẹ́rin, ta ló kù?"

Ìgbà náà ni Ológbò rí ìṣirò rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ó dà bí ẹni tó sá pamọ́ sínú ihò tí òkúta mẹ́ta bò, tó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Bí mo bá ti yí i wò lọ́jọ́ tí Adìẹ kọrin," Àwẹ̀ró wí, "Adìẹ ì bá wà láàyè."

Kò na Ológbò. Ó wọ́ ẹní náà jáde sínú òjò, ó ti Ológbò tẹ̀ lé e, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá, òjò ń pa mí."

Ohùn Àwẹ̀ró wá láti inú ilé. "Ẹní rẹ wà níta. Mo fún ọ ní gbogbo rẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ìkookò jáde láti inú igbó. Òórùn ìtọ̀ tí òjò rú sókè ló ń tẹ̀ lé. Kò sí ajá tí yóò gbó. Ológbò sá gun igi odán inú àgbàlá. Ìkookò fa imú yí ẹní náà ká, ó fa imú dé ìdí igi, ó wòkè, kò sì kánjú. Ó padà lọ dùbúlẹ̀ sí àárín ẹní onírun náà. Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́, Ológbò sì ń wò ó láti òkè.

Ní òwúrọ̀, lẹ́yìn tí ìkookò ti lọ, Ológbò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ tọ̀, ó kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀. Ó tọ̀ sínú ihò náà, ó fi erùpẹ̀ bò ó, ó tẹrí ba, ó gbóòórùn rẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì tún bu erùpẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí di òní. Ẹ wò ó lọ́la, ẹ ó rí i.

Àwẹ̀ró padà sọ́dọ̀ Baba Látúnjí, ó sì ra ẹní oré. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé, òun nìkan ló ń sùn lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń yí i, tó ń wo abẹ́ rẹ̀. Kò rí àbàwọ́n kankan níbẹ̀ rí, nítorí kò sí ẹni tó kù tí yóò tọ̀ sí i.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ̀yin ọmọ: ẹni tó bá ń ti ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí ẹlòmíràn lọ́rùn, kí ó rántí pé àwọn tí òun ń tì í sí lọ́rùn yóò tán lọ́jọ́ kan. Ẹ̀yin àgbà, ìdí àlọ́ mi rèé: bí wọ́n bá ní kí ẹ dájọ́, ẹ kọ́kọ́ yí ẹní wò, kí ẹni tí ẹ ó dá láre tó kú. Ibi tí mo ká àlọ́ mi sí nìyí. Ẹni tó bá jókòó lórí ẹní mi, kí ó dìde, mo fẹ́ wo abẹ́ rẹ̀.