Olè Tó Ń Já Ìkóódẹ Nílé Olóyè Akínlàjà

Ìbídùn, opó tó ń gbálẹ̀ nílé Olóyè Akínlàjà, ni wọ́n pè lólè lọ́sàn-án gangan, ní ọ̀sẹ̀ ọdún ìjẹṣu tó kọjá. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí odídẹrẹ́ Olóyè, ń dín kù lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ Olóyè ti ṣèlérí rẹ̀ fún adé tuntun ààfin. "Mú olè náà wá kí n tó mu ẹmu yìí tán," ni Olóyè wí lójú àwọn àgbà àdúgbò, "àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ni yóò bá ọ sọ̀rọ̀." Ìbídùn kúnlẹ̀. "Bàbá, olè yìí kì í jalè lójú ènìyàn. Ẹ kẹ̀yìn sí àgò ẹyẹ bí ẹ ti máa ń ṣe, kí ẹnikẹ́ni má fọhùn." Àgbà kan rẹ́rìn-ín: "Kí ìwọ lè ráyè sá lọ, àbí?" "Ẹ ó máa rí èmi àti ẹyẹ nínú dígí ara ògiri, Bàbá." Wọ́n kẹ̀yìn. Ẹmu ń lọ sísàlẹ̀ nínú igbá Olóyè. Odídẹrẹ́ ké, "Ẹ ǹlẹ́ o!" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún ké, kẹ́kẹ́ pa. Ló bá yí ọrùn sẹ́yìn, ó fi ẹnu ara rẹ̀ já ìyẹ́ pupa kan, ó jù ú sílẹ̀. Igbá dúró lẹ́nu Olóyè. "Ẹ̀yin náà ti rí olè," ni Ìbídùn wí. "Ìdáwà ló ń bá ẹyẹ yín jà. Ẹ rà á, ẹ kò bá a sọ̀rọ̀ rí. Ó yá, Bàbá, ẹ sọ fún wọn pé èmi kì í ṣe olè." Olóyè mu ẹmu tó kù tán, ó sì kẹ̀yìn sí Ìbídùn.