Òṣùwọ̀n Kò Mọ Orúkọ Ọmọ

"Òṣùwọ̀n mọ bí ọmọ ṣe wúwo tó, kò mọ orúkọ rẹ̀." Òwe náà kò ṣàjèjì sí yín. Ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá nínú yín?

Ẹ ti fura pé ọmọ tó sanra kọ́ ni yóò borí nínú ìtàn yìí. Òótọ́ lẹ fura. Ẹ jẹ́ ká tètè mú ìyẹn kúrò nílẹ̀, ká lè ráyè wo bàbá rẹ̀ dáadáa.

Akínrìnádé ni bàbá náà ń jẹ́, òun ló ń ra kòkó ní abà Òkè-Agbède. Ọkùnrin yìí a máa dé fìlà aran lọ wo kòkó tí wọ́n sá sóòrùn, kí kòkó náà lè mọ ẹni tó ni ín. Òṣùwọ̀n ńlá kan rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, tòun ti ṣéènì àti ìkọ́. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá ti dúró gbọọrọ, àwọn lébìrà á ké pé, "Ó pé!"

Nígbà tí Ọláwùmí ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń wá ọmọ, Gbọ́láhàn ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ sì mú orúkọ náà bí ẹni gba àṣẹ. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, á gbé ọmọ sínú agbọ̀n, á fi í kọ́ òṣùwọ̀n. Àwọn lébìrà á ké, "Ó pé!" Àwọn àgbẹ̀ á pàtẹ́wọ́, nítorí ẹni tó fẹ́ ta kòkó kò ní ṣàìpàtẹ́wọ́.

Òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ ni Ọláwùmí ń rọ ọmọ yìí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń rọ ọmọ: wọ́n á tẹ́ ẹ sórí itan, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe bí ife sí i lẹ́nu, wọ́n á da ògì sí i. Kó gbé e mì, àbí kó má gbé e mì. Lọ́jọ́ kan, ìyá fẹ́ kọrin fún un díẹ̀.

"Orin kì í mú ọmọ wúwo," ni Akínrìnádé wí. "Rọ ọ́ sí i."

Ó rọ ọ́ sí i. Ọmọ sanra, ó ń dán, ọrùn rẹ̀ wọlé sáàárín èjìká. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́ta, kò sọ̀rọ̀. Kò tilẹ̀ sunkún mọ́. Á jókòó síwájú àtíbàbà, á máa wo òkè láìṣẹ́jú. Adìyẹ kì í ṣa oúnjẹ lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn lébìrà ní nígbà mìíràn, tí atẹ́gùn kankan ò fẹ́, ṣéènì òṣùwọ̀n á dún kín-ín, ọmọ náà á sì mi orí, bí ẹni tí wọ́n kí.

Ní ilé kejì, Ìyá Àwẹ̀ró ń tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀, Ìbíyẹmí. Egungun lásán ni wọ́n gbé ọmọbìnrin náà dé, ẹ̀rù sì ba ìyá àgbà, nítorí ebi kì í kọ́ ọmọ lọ́gbọ́n. Ó ń fún un ní ẹ̀wà àti ẹyin díẹ̀díẹ̀, láàárín òkèlè kan sí èkejì á sì bi í pé, "Kí lò ń jẹ? Ta ló yé e?"

"Adìyẹ!" ni Ìbíyẹmí á pariwo.

Akínrìnádé rẹ́rìn-ín títí. "Ìyá, ọ̀rọ̀ lẹ fi ń bọ́ ọmọ! Ọ̀rọ̀ ò lọ́ràá o."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n kì í há ọmọ lọ́fun."

Ìgbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan ti ìlú wá láti yan ọmọ tó dára jù lábà. Akínrìnádé ti ránṣẹ́ pe ayàwòrán. Ó ti búra lójú gbogbo àgbẹ̀ pé bí ọmọ òun ò bá gbégbá orókè, kí ẹnikẹ́ni má ta kòkó fún òun mọ́.

"Ó wúwo lóòótọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó yá, ẹ pè é kó wá."

"Gbọ́láhàn!" Ọmọ ò yíjú. "Gbọ́láhàn! Ọmọ mi!" Kò yíjú. Akínrìnádé tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ọlọ́lá kì í tètè dáhùn."

Bó ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ṣéènì dún. Kò sì sẹ́nì kankan lábẹ́ àtíbàbà.

Ọmọ náà dìde. Ó kọjá lára ìyá rẹ̀, ó kọjá lára bàbá rẹ̀, ó lọ dúró sábẹ́ òṣùwọ̀n. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè sí ìkọ́, ó di ojú. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn ọmọdé rárá, ohùn géńdé lébìrà ni:

"Ó pé!"

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, nọ́ọ̀sì ò sì kọ orúkọ Gbọ́láhàn sílẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró, tó fa Ìbíyẹmí lọ́wọ́ wá síbẹ̀, sún mọ́ bàbá ọmọ. "Akínrìnádé, òṣùwọ̀n mọ bí ọmọ rẹ ṣe wúwo tó, kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìwọ tó mọ̀ ọ́n ńkọ́? Kó tó di òní, ìgbà wo lo pè é gbẹ̀yìn?"

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá ń fi ohun tójú rí wọn ohun tójú ò rí, pàápàá fún òbí tó ń bọ́ ara ọmọ tí kò bá ọmọ sọ̀rọ̀. Wọn kì í pa á fún ẹni tó ń febi pa ọmọ. Ọ̀rọ̀ tìyẹn le ju òwe lọ. Ní ti Gbọ́láhàn, Ìyá Àwẹ̀ró ní kí wọ́n máa gbé e wá sọ́dọ̀ òun lójoojúmọ́, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí èyí pé oṣù méje, ọmọ náà sọ ọ̀rọ̀ kejì láyé rẹ̀. "Bàbá," ló wí. Akínrìnádé sáré jáde nílé rẹ̀, ó na apá méjèèjì sí i. Òṣùwọ̀n tó rọ̀ lábẹ́ àtíbàbà ni ọmọ náà ń wò.