Òkété Ta Ọjọ́ Ìsinmi Rẹ̀

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi kọsẹ̀ lára ebè, ó ṣubú lu Òkété.

Ní ìgbà kan rí, Òkété ń kọ ebè lóko Erin. Bí ọjọ́ ọjà bá ti pé, gbogbo òṣìṣẹ́ a sinmi. Ṣùgbọ́n Òkété fẹ́ gbé Awẹ́ró, ọmọ Ọ̀yà, níyàwó, ó sì ń wá iṣu ìdána.

Ó tọ Erin lọ. "Bàbá, ẹ ra ìsinmi mi. Ẹ fún mi níṣu, n ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ọjà."

Erin rẹ́rìn-ín. "Ṣé kì í rẹ̀ ọ́ ni?"

"Ọ̀lẹ ló ń rẹ̀, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá ti rà, tèmi ni o."

Bí àwọn yòókù bá ń lọ jẹ àkàrà lọ́jà, Òkété a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ máa ṣeré o! Iṣu mi ń pọ̀!"

Nígbà tó yá, iṣu pé. Ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ní, "Ó tó báyìí."

"Ó tó irú ẹ. Tèmi gbọ́dọ̀ dí ilẹ̀kùn àna pa!"

Ló bá tún ta ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ó ta èyí tó tẹ̀ lé e, ó tà á dé ìgbà ìkórè. Ó kó gbogbo iṣu náà ránṣẹ́ sílé àna. Inú àna dùn. Wọ́n ní kó wá ṣèdána lọ́jọ́ ọjà.

Òkété sáré tọ Erin lọ. "Bàbá, ẹ yọ̀ǹda mi, mo ń gbéyàwó!"

"O kú oríire. Ta ló ni ọjọ́ náà?"

"Ẹ̀yin ni."

"Rà á padà."

"Iṣu ti wà nílé àna!"

"Ọkọ́ rèé."

Òkété bá bẹ Ọ̀kẹ́rẹ́ pé kó lọ bá òun dọ̀bálẹ̀ nílé àna.

Ìyá Awẹ́ró wo Ọ̀kẹ́rẹ́ tó nà gbalaja sílẹ̀. "Ọkọ dà?"

"Ó wà lóko, mà. Ó ti ta ọjọ́ òní."

"Ó ta ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀? Lọ́la ńkọ́, kò ní ta ìyàwó?"

Awẹ́ró tẹjú mọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́. "Ìwọ tó ráyè wá, ṣé o ti níyàwó?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ tún dọ̀bálẹ̀, fún ara rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gúnyán, wọ́n fa Awẹ́ró lé e lọ́wọ́.

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé abọ́ iyán kan lọ fún Òkété lóko.

"Ọ̀rẹ́ mi, jẹun. Iṣu rẹ mà dára fún iyán o!"

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá dé, ẹ sinmi. Ẹni tó bá ta gbogbo ọjọ́ rẹ̀ kí ayé lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ẹlòmíràn ni yóò bá a jayé náà.