Kóòṣì Tó Gbọ́ "Ó Ń Rẹ̀ Mí"

Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní eré sísá. Kóòṣì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ máa ń di díẹ̀ nígbà tí ìdíje bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ganrínganrín, ọmọ tó yára jù nínú wọn fi pápá sílẹ̀, ó wá bá a lábẹ́ igi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó ń rẹ̀ mí."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. "Ta ni kò rẹ̀ nínú yín? Padà síbẹ̀."

Ọmọ náà padà. Kò pẹ́ tó fi ṣubú lulẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Wọ́n dóòlà ẹ̀mí rẹ̀ ní ọsibítù, ṣùgbọ́n kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ̀rọ ló sì ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀.

Ìyá rẹ̀ pe Kóòṣì lẹ́jọ́. Lọ́yà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà fún Kóòṣì gbọ́n féfé. Ó ní ẹni tó bá wọ pápá ti mọ̀ pé àárẹ̀ wà níbẹ̀, àti pé ọmọ náà kò sọ pé òun ń ṣàìsàn, pé ó ń rẹ òun ló sọ. Kóòṣì búra, ó sì jẹ́rìí pé àárẹ̀ eré lásán ni òun gbọ́. Adájọ́ ní kí wọ́n padà wá gbọ́ ìdájọ́ lọ́jọ́ kejì.

Ara Kóòṣì fúyẹ́ nígbà tó délé. Bó ṣe ń bọ́ bàtà, ìyàwó rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ní, "Bàbá Ìbídùn, ó ń rẹ̀ mí."

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ibo ló ń dùn ọ́?" Ọwọ́ rẹ̀ ti wà níwájú orí obìnrin náà kó tó mọ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí nǹkan, iṣẹ́ ló pọ̀ jù lọ́jọ́ náà. Ojú ti Kóòṣì. Ojú tì í débi pé kò lè wo obìnrin náà mọ́, nítorí ẹnu òun fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn lè jẹ́, láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ ọ lábẹ́ igi lọ́jọ́ náà, ìdíje tó ń bọ̀ ni kò jẹ́ kó béèrè.

Nígbà tí ilé ẹjọ́ jókòó, ó dìde kí adájọ́ tó la ẹnu. Lọ́yà fa ẹ̀wù rẹ̀ títí, kò jókòó.

"Olúwa mi," ó ní, "irọ́ ni mo pa lánàá. Mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ àìsàn. N kò fẹ́ béèrè ni."

Wọ́n dá a lẹ́bi, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè gbójú sókè wo ìyá ọmọ náà bó ṣe ń jáde lọ.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá lórí ọmọ ọlọ́mọ, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá bá ọ sọ ọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀ méjì, má ṣe mú èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Òfin lè gba àwíjàre rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí o máa béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ nílé, kí ló dé tí o kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn?